Irúgbìn Kì í Gba Owó, Ọdún Ni í Gbà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ni ọ̀rọ̀ gbígbin igi eléso láti inú kóró tí a tu sílẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ẹnìkan kì í dìde bèèrè pé, "Akọ̀wé, ọsàn tí mo jẹ lánàá dùn bí oyin. Bí mo bá gbin kóró rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ṣé irú rẹ̀ ni yóò so? Ọdún mélòó ni n óò fi dúró?" Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó láti fi dá ọgbà ọsàn sílẹ̀.

Ìdáhùn wa kò gùn. Kóró kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni, ọdún ni í gbà. Kì í sì í ṣe gbogbo kóró ló ń jọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan méjì yìí lè bomi rin igi fún ọdún mẹ́jọ, kó wá rí i pé èso kíkan ni òun ń tọ́jú. Owó tó bá ṣègbé, a lè wá òmíràn. Ọdún mẹ́jọ tó bá ti lọ, ta ni yóò dá a padà?

IGI LÓ BÍ ẸGBẸ́ WA

Ìlú tó mọyì igi ni Ìbàdàn. Ẹ wo orúkọ àwọn àdúgbò wa: Ìdí-Arẹrẹ, Ìdí-Apẹ, Ìdí-Obì, Ìdí-Iṣin, Ìdí-Ayùnrẹ́. Ìdí-Iṣin ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Èso àti Ẹ̀fọ́ tí à ń pè ní NIHORT wà, láti ọdún 1975. Ìdí-Ayùnrẹ́ ni CRIN wà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí kòkó, obì, kọfí àti kajú, láti ọdún 1964. Moor Plantation ti wà ṣáájú wọn. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ ìlú mìíràn ń wá kẹ́kọ̀ọ́ igi ní Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwa tí a wà nítòsí la ó kẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù fúnra rẹ̀, láti inú irúgbìn ló ti jáde. Nígbà tí kòkó ń tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1890 sí 1910, ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ oko ní Àgége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oko ńlá, ló gbé kòkó padà wá sí abúlé tiwọn. Kò sí ẹni tó yá wọn lówó irúgbìn. Odindi èso kòkó ni wọ́n ń gbé, wọn kì í yọ kóró rẹ̀ títí wọ́n á fi dé oko, nítorí pé bí kóró kòkó bá ti jáde nínú èèpo rẹ̀, kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí yóò fi kú. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló kó kòkó wọn jọ tà pọ̀. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní ọdún 1935, ó sì di ọdún 1937 kí ìjọba tó fi orúkọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹgbẹ́ wo ni? Ẹgbẹ́ olókòó Gbẹ́dun ni, ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, ní Ọ̀nà-Àrà.

KÓRÓ WO LÓ Ń JỌ ÌYÁ RẸ̀?

Kóró tó wà nínú èso kì í ṣe ọmọ ìyá nìkan, ó ní bàbá. Bí igi bá yọ òdòdó, oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn ni í gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti orí igi kan lọ sí orí òmíràn. Igi àgbálùmọ̀ yín lè dùn, kí bàbá kóró inú rẹ̀ jẹ́ èyí tó kan ní oko aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbin kóró mẹ́wàá láti inú èso kan náà, kí àwọn kan dùn, kí àwọn kan kan, kí òmíràn máa so wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni píà rí, bẹ́ẹ̀ náà ni kajú.

Ọsàn mímu yàtọ̀. Bí ẹ bá gbin kóró ọsàn kan ṣoṣo, ẹ ó rí i pé nígbà mìíràn, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló ń hù jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò ní bàbá rárá, ara ìyá wọn gan-an ni wọ́n ti yọ, nítorí náà wọ́n ń jọ ọ́. Máńgòrò abúlé wa, èyí tó ní okùn nínú, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ mẹ́ta bá yọ lára kóró kan, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, ẹ gé àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n máńgòrò Julie, ọmọ kan ṣoṣo ni í yọ, ọmọ náà sì ní bàbá. Ẹni tó bá gbin kóró Julie tó ń retí Julie, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ tún gba àlàyé tirẹ̀. Akọ wà, abo wà, èyí tó jẹ́ akọ àti abo pọ̀ sì wà. Akọ kì í so nǹkan gidi. Èso abo a máa rí roboto, èso èyí tó jẹ́ akọ-àti-abo a máa gùn bí ìgò. Bí abo bá gba ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ akọ, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ni yóò jẹ́ akọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú kóró láti inú ìbẹ́pẹ gígùn, tí kò sì sí akọ nítòsí, ẹ kò ní rí akọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀: nínú mẹ́ta, bíi méjì ni yóò dàbí ìyá, ọ̀kan yóò jẹ́ abo. Gbogbo wọn ni yóò so. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ilẹ̀ yín kò gba ìbẹ́pẹ, ẹ wo irú èyí tí ẹ mú kóró rẹ̀ ná.

ỌDÚN MÉLÒÓ?

Ẹ gé ibí yìí mọ́ ara ògiri bí ẹ bá fẹ́. Bí ilẹ̀ bá dára tí a sì tọ́jú igi, báyìí ni ó ṣe ń pẹ́ tó láti inú kóró kó tó so:

Ìbẹ́pẹ: oṣù 9 sí 12.
Gúáfà: ọdún 2 sí 4.
Kajú: bí ọdún 3.
Máńgòrò: ọdún 5 sí 7.
Píà: ọdún 5 sí 8.
Ọsàn mímu: ọdún 7 sí 10.
Àgbálùmọ̀: ọdún 7, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọsàn àti máńgòrò tí a lẹ ojú igi àgbà mọ́, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, kì í ju ọdún 3 tàbí 4 lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí so.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Ohun tó ń pa kóró èso jù lọ lọ́wọ́ wa ni oòrùn. A ti mọ́ sísá àgbàdo àti ẹ̀wà lára, a wá ń sá kóró ọsàn náà. Kóró ọsàn, ti máńgòrò, ti píà, ti àgbálùmọ̀, gbogbo wọn ló ń kú bí wọ́n bá gbẹ tán. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí omi ara wọn gbẹ lábẹ́ ibòòji, kí ẹ sì gbìn wọ́n láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kóró tó bá ti ṣe oṣù méjì nínú àpò aṣọ, ẹ má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lé e lórí.

Máńgòrò: ẹ jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, ẹ fi ọ̀bẹ rọra la èèpo líle náà, kí ẹ yọ ọmọ inú rẹ̀. Ibi tó tẹ̀ kọdọrọ ni kó wà lókè. Ìbẹ́pẹ: kóró rẹ̀ ní ohun yíyọ̀ kan lára tí kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹ fi eérú tàbí iyanrìn fọwọ́ ra á títí yóò fi bọ́, kí ẹ sì ṣàn án. Kajú: ẹ da kóró sínú garawa omi. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù, èyí tó bá rì ni kí ẹ gbìn. Píà: ibi tó fẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ díẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ọ̀rá dúdú ni àwọn onígi ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ́wọ́tà tí a ń dà nù káàkiri tó fún ìbẹ́pẹ àti gúáfà. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má dúró. Ilẹ̀ dúdú apá mẹ́ta, ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ tí kò gbóná mọ́ apá kan, ẹ pò wọ́n pọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù yóò jó ọmọ igi pa. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé wọn lórí, ẹ máa bu omi wọ́n wọn láàárọ̀. Bí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ gbé wọn lọ sóko, ẹ máa dín imọ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára.

Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni ó dára jù láti gbé igi lọ sílẹ̀, kó lè fi gbogbo àkókò òjò mú gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ fún wọn láàyè: ìbẹ́pẹ, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ara wọn, ọsàn, ẹsẹ̀ bàtà 23, máńgòrò àti àgbálùmọ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ má gbin máńgòrò sí ìdí ògiri, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga àti ṣalángá. Ọmọ igi tó ga bí ọ̀pá ìka lónìí ni yóò máa ti ògiri yín lọ́la. Kí ẹ sì ṣe ọgbà yí i ká, torí pé ewúrẹ́ àdúgbò kò mọ̀ pé ọsàn lẹ gbìn.

LẸ́MÓÒNÙ NÍ ÌDÍ, ỌSÀN NÍ ORÍ

A ti sọ pé kóró ọsàn a máa jọ ìyá rẹ̀. Kí ló dé tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fi gbin ọgbà ọsàn láti inú kóró ọsàn? Ìdí mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, ó ń pẹ́. Ìkejì, ó ń ga fíofío, ó sì kún fún ẹ̀gún, kíká rẹ̀ di ogun. Ìkẹta, gbòǹgbò ọsàn mímu kò lágbára níbi tí omi bá ń dúró sí. Ìdí rẹ̀ a máa rà, omi bíi oje a máa ṣàn lára èèpo rẹ̀, igi a sì kú nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mówó wọlé.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí a gbin kóró lẹ́móònù kan tí èèpo rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí àwọn òyìnbó ń pè ní rough lemon. Gbòǹgbò rẹ̀ le. Bí ó bá ti ṣe bí ọdún kan, tí ara rẹ̀ nípọn tó pẹ́ńsù, a ó fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀ bí àmì T, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀. A ó bẹ́ ojú kan láti ara ẹ̀ka ọsàn dídùn tó ti ń so, ojú yìí dà bí ojú iṣu tí à ń gbìn, a ó tì í sábẹ́ èèpo tí a là náà, a ó sì fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin. Ìgbà òjò ni kí a ṣe é, nígbà tí èèpo igi ń ṣí wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a ó tú u. Bí ojú náà bá tutù yọ̀yọ̀, ó ti mú. A ó gé orí lẹ́móònù náà kúrò kí ọsàn lè dìde. Bí ó bá gbẹ, kí a tún un ṣe ní apá kejì.

Iṣẹ́ kò tíì tán o. Lẹ́móònù tó wà nísàlẹ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Yóò máa yọ ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lábẹ́ ibi tí a lẹ̀. Ẹni tí kò bá gé e, lẹ́móònù yóò bo ọsàn mọ́lẹ̀, olóko yóò wá máa sọ pé wọ́n ta igi kíkan fún òun. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ìdí igi, ẹ fi ọwọ́ já ohunkóhun tó bá yọ lábẹ́ ojúlẹ̀ náà.

Ìmọ̀ yìí ló ń gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọmọ igi lẹ́bàá títì. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọsàn tí wọ́n lẹ̀ ni, ẹ wo ara rẹ̀. Àpá gbọ́dọ̀ wà níbi tí a lẹ̀, igi a sì máa tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gún gbọnrangandan láti ilẹ̀ dókè láìsí àpá, inú kóró ló ti hù. Kí ẹ san owó kóró fún un, ẹ má san owó àlẹ̀mọ́.

ILẸ̀ TA NI?

Ọ̀rọ̀ yìí gba kí a fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, orí ilẹ̀ onílẹ̀ la ti ń roko, a ń san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ ayálégbé. Àṣà ilẹ̀ wa gbà kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n igi tí yóò dúró fún ọgbọ̀n ọdún, kò gbọdọ̀ gbìn ín láì gba àṣẹ, nítorí pé lójú onílẹ̀, ẹni tó gbin igi ti ń fi ẹsẹ̀ ilẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ìjà tí èyí ti dá sílẹ̀ láàrin ọmọ bàbá kan náà. Ẹ lọ bá bàálé tàbí mọ́gàjí, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ihò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú ẹlẹ́rìí: igi mélòó, ta ni yóò máa ká a, báwo ni a ó ṣe pín in bí àdéhùn bá parí.

Ẹ tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ igi yín pẹ̀lú. Ìlú ń gbòòrò bọ̀ wá bá oko wa, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Lágelú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún títì tàbí iṣẹ́ mìíràn, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 mẹ́nu ba owó ìtanràn fún ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ iye igi rẹ̀ àti ọdún tó gbìn wọ́n ní ohun tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó kàn ń sọ pé "igi mi pọ̀ níbẹ̀" kò ní.

OWÓ ÀYÁLÒ KÌ Í DÚRÓ DE IGI

A wá dé orí ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ẹgbẹ́ gan-an. Owó àyálò tí à ń yá ara wa, láàrin ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀ la ń retí rẹ̀ padà, nítorí pé owó ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni. Ọsàn tí a fi kóró gbìn kò ní mú kọ́bọ̀ kan wá kó tó di ọdún keje. Ẹni tó bá yá owó lórí rẹ̀, oṣù kejì ni yóò ti máa wá owó sísan níbòmíràn, onídùúró rẹ̀ náà kò sì ní sùn. Nítorí náà ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má yá owó gbin igi tó ń pẹ́. Kóró ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kóró kò gba owó. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ fi sí i.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ilẹ̀ máa bọ́ yín kí igi tó dàgbà, ẹ gbin ìbẹ́pẹ, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sáàrin ọsàn fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìbẹ́pẹ ń so láàrin ọdún kan, ó bá ètò àyálò mu. Nígbà tí òjìji ọsàn bá fi máa bo ilẹ̀, ìbẹ́pẹ ti ṣe tirẹ̀ tán. Ọmọ igi títà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ òwò. Ẹni tó bá lè lẹ ọgọ́rùn-ún ọsàn sẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ́dún yìí yóò rí i tà kí òjò ọdún tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ tó dá.

Ẹ̀YIN ARÁ ỌJÀ, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra èso lórí igi ní Ìjàyè, ní Ẹjíòkú, ní Ẹrunmu, ní Badékù, ẹ̀yin lẹ mọ igi ju wa lọ. Ẹ mọ àgbálùmọ̀ ta ni kì í kan. Ẹ mọ ọsàn ta ni ń so lọ́dọọdún láìsinmi, èyí tí omi rẹ̀ pọ̀, tí kì í tètè bàjẹ́ nínú àpò. Ìmọ̀ yìí ṣọ̀wọ́n. Àgbẹ̀ mọ igi tirẹ̀ nìkan, ẹ̀yin ti tọ́ ti ọgọ́rùn-ún olóko wò. Bí ẹ bá rí irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún olóko kó má gé e, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wá mú ẹ̀ka mélòó kan láti fi lẹ̀. Fún àgbálùmọ̀ àti píà, ẹ mú kóró wá láti ara igi tó dára jù. Kò dájú pé gbogbo ọmọ ni yóò jọ ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rere sàn ju ọmọ tí a kò mọ ìyá rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ abúlé kọ̀ọ̀kan ya igun kan sọ́tọ̀ lẹ́bàá ilé ìpàdé fún ọmọ igi. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú kóró lẹ́móònù ṣákiṣàki, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀rá àti ilẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń lẹ̀ kó kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí kò bá sí ní àdúgbò rẹ̀, kó wá rí akọ̀wé, a ó jọ lọ sí Ìdí-Iṣin lọ bèèrè.

Àwọn tó gbé kòkó láti Àgége kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni yóò tìdí rẹ̀ jáde. Wọ́n kàn tètè gbìn ín ni. Ọdún tí igi fẹ́ gbà kò ní dín kù nítorí pé a ń rò ó. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní àkókò òjò yìí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́